Àpúdéètì Windows 10 Ti Dópin: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí, Ilé-Kéwú àti Oníṣọ́ọ̀bù Kọ̀ǹpútà Mọ̀

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ dúró láti máa fi àtúnṣe ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10. Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń lò ní Under G, ládùúgbò Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá (LAUTECH) ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kan ìlú Ọ̀yọ́ náà, níbi tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ilé-kéwú àti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé pọ̀ sí.

Ìbéèrè méjì làwọn ènìyàn sábà máa ń bèèrè. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ti kú ni? Ṣé dandan ni kí n ra tuntun? Rárá ni ìdáhùn sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wà tó ṣe pàtàkì ju méjèèjì lọ: ìwé ta ni, àti àṣírí ta ni, ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà? Bí ó bá jẹ́ tiyín nìkan, ewu náà ò ju tiyín lọ. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn oníbàárà, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àwọn òbí tó gbẹ́kẹ̀ lé yín, ọ̀rọ̀ ti di ti àmánà.

Kí ni Windows, kí sì ni àpúdéètì?

Irin àti wáyà lásán ni kọ̀ǹpútà bí kò bá sí ètò tó ń darí rẹ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà nígbà tí a bá tàn án, òun ló ń gba ohun tí a bá tẹ̀, òun náà ló ń so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti íntánẹ́ẹ̀tì. Windows XP jáde ní ọdún 2001, Windows 7 sì jáde ní 2009. Windows 10 jáde ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 2015, Windows 11 tó gba ipò rẹ̀ sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021.

Ọmọ ènìyàn ló kọ àwọn ètò wọ̀nyí, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn kì í sì í wà láìní àléébù. Àléébù yìí gan-an ni àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá kiri. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àpúdéètì ni amọ̀ tí Microsoft fi ń dí ẹnu ògiri náà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2003 ló ti di àṣà ilé-iṣẹ́ náà láti máa kó àwọn àtúnṣe wọ̀nyí jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ìyẹn Àtàlátà kejì, nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Àtàlátà kejì ni ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 pẹ̀lú. Ìgbà náà ni Windows 10 gba ti ọ̀fẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ohun tó parí àti ohun tí kò parí

Ohun tó parí ni àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́, àtúnṣe àwọn àṣìṣe inú ètò náà, àti ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Microsoft nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ní ọjọ́ kan náà ni àtúnṣe parí fún Office 2016 àti Office 2019, ìyẹn àwọn ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tẹ ìwé tí wọ́n sì fi ń ṣe ìṣirò.

Kọ̀ǹpútà náà kò parí. Yóò máa tàn, àwọn fáìlì yín yóò wà níbẹ̀, ẹ ó máa tẹ ìwé, ẹ ó sì máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft tún kéde pé Defender, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò lórí Windows, yóò ṣì máa gba ìròyìn nípa kòkòrò tuntun títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ̀ṣọ́ lè lé olè tó bá dá mọ̀. Kò lè di ihò tó wà lára ògiri.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àwọn tó ń ṣe ètò mìíràn náà yóò máa fi Windows àtijọ́ sílẹ̀. Àtúnṣe Windows 7 parí ní oṣù kìíní ọdún 2020. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, Google kò ṣe Chrome tuntun fún un mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Windows 10 náà yóò ṣe máa lọ bí ó bá yá.

Kí ló dé tí ewu fi ń pọ̀ sí i bí oṣù ti ń lọ?

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Windows 10 àti Windows 11 jọ ní lábẹ́. Nígbà tí Microsoft bá di ihò kan lára Windows 11, àwọn ọ̀daràn máa ń gba àtúnṣe náà, wọn a tú u wò láti mọ ibi tí ihò ọ̀hún wà. Lẹ́yìn náà, wọn a lọ wò ó bóyá irú rẹ̀ wà lára Windows 10. Bí ó bá wà níbẹ̀, tí kọ̀ǹpútà náà kò sì gba àpúdéètì, ọ̀nà ti là fún wọn nìyẹn. Nítorí náà, àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn lè di atọ́nà sí ilé tiwa.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe jáde fún ihò ńlá kan lára Windows. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jáde láti inú ihò yẹn. Ńṣe ló ń ti àwọn fáìlì ènìyàn pa, á wá béèrè owó ìtúsílẹ̀ dọ́là 300 tí a ó fi Bitcoin san. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba kan ní láti dá aláìsàn padà nítorí wọn kò rí àkọsílẹ̀ wọn ṣí.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àkọ́kọ́, àtúnṣe Windows XP ti parí láti ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 2014, nítorí náà ẹni tó ń lò ó lásán kò ní amọ̀ tí yóò fi di ògiri rẹ̀. Ìgbà tí kòkòrò ti ń jà ni Microsoft tó yà kúrò nínú àṣà rẹ̀, tó sì fi ọ̀kan jáde fún gbogbo ènìyàn. Èkejì, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí WannaCry mú ni wọ́n ń lo Windows 7, tó ṣì ń gba àtúnṣe nígbà náà. Àwọn tó ni wọ́n ni kò gbà á. Èyí bá wa wí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti pa àpúdéètì tipẹ́ kí dátà má baà tán. Àpúdéètì tí a kò gbà kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Under G àti Ọ̀yọ́

Ní ọ́fíìsì ńlá, ènìyàn kan ló sábà máa ń lo kọ̀ǹpútà kan. Ní ṣọ́ọ̀bù Under G, kọ̀ǹpútà kan náà ni gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò lò. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú fláàṣì wá láti tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Òbí á mú ìwé NIN, ìwé ọjọ́-ìbí àti èsì WAEC ọmọ wá kí wọ́n bá a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹlòmíràn á ṣí ímeèlì rẹ̀, á wo bí ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé rẹ̀ ti rí lórí ìkànnì JAMB, á sì gbàgbé láti jáde kúrò níbẹ̀. Bí kòkòrò tó ń ṣọ́ ohun tí a ń tẹ̀ bá wà lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n ń jà lólè. Fláàṣì kan ṣoṣo sì lè gbé kòkòrò láti ṣọ́ọ̀bù dé yàrá akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì tibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀.

Àmánà ni gbogbo ìwé wọ̀nyí. Suratun-Nisā', ẹsẹ 58, pa á láṣẹ pé kí a dá àmánà padà fún àwọn tó ni ín, àṣírí ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi síkàáwọ́ ẹni. Òfin ìlú náà sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ Ará Ìlú ti Nàìjíríà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń gba àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn fún iṣẹ́ máa dáàbò bò ó. Lílò láàárín ilé ẹni ni òfin náà yọ sílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá jò, tí ó sì lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 ni òfin fún onítọ̀hún láti fi tó àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà létí.

Bí ẹ ó ṣe mọ irú kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà R. Nínú àpótí kékeré tó bá jáde, ẹ tẹ winver, kí ẹ sì tẹ Enter. Ẹ ó rí irú Windows tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Windows 10, ẹ wò ó bóyá 22H2 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, nítorí òun ni ó kẹ́yìn nínú ẹ̀yà Windows 10 tí gbogbo ènìyàn ń lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ System, kí ẹ sì wọ About. Ẹ ó rí orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà níwájú Processor. Bí ó bá jẹ́ i5-6300U, 6 tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì fi hàn pé ìran kẹfà ni. Bí ó bá jẹ́ i5-8350U, ìran kẹjọ ni. Láti ìran kẹjọ Intel lọ sókè ni Windows 11 sábà máa ń gbà. Ó tún ń béèrè RAM 4GB, ààyè ìpamọ́ 64GB, àti ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Nígbà mìíràn TPM yìí wà lára kọ̀ǹpútà, wọ́n kàn pa á ni. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè tàn án.

Ọ̀nà mẹ́rin tó wà

1. Ẹ bọ́ sórí Windows 11. Ọ̀fẹ́ ni fún kọ̀ǹpútà Windows 10 tó bá kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì yín síbòmíràn. Dátà tí yóò jẹ tó GB mélòó kan, nítorí náà ẹ wá ibi tí dátà ti pọ̀ tàbí ti ò wọ́n.

2. Ẹ gba àfikún àkókò. Gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe kéde, ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà tara rẹ̀ lè máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026. Ẹni tó bá gbà kí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ Microsoft nípasẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ kò ní san nǹkan kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè san dọ́là 30. Kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ wà lórí 22H2. Nínú Settings, ní ibi tí wọ́n kọ Windows Update sí, ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ yàtọ̀: dọ́là 61 ni fún kọ̀ǹpútà kan lọ́dún àkọ́kọ́, á sì máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́ta péré. Dọ́là 1 ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò san lọ́dún àkọ́kọ́, dọ́là 2 lọ́dún kejì, dọ́là 4 lọ́dún kẹta.

3. Ẹ lo Linux. Ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gba àpúdéètì. Linux Mint àti Ubuntu rọrùn fún ẹni tó ti mọ Windows, wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́. LibreOffice ni wọ́n fi ń tẹ ìwé níbẹ̀, a sì lè fi tẹ Lárúbáwá àti Yorùbá. Ẹ lè gbé e sórí fláàṣì, kí ẹ dán an wò láìpa Windows rẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. AutoCAD tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò kò sí fún un. Fún àwọn tí kò ríran, irú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́, Windows nìkan ni JAWS àti NVDA, àwọn ètò tó ń ka ohun ojú kọ̀ǹpútà sókè, ń bá ṣiṣẹ́. Linux ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Orca, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tuntun ni fún ẹni tó ti mọ́ lára. Kí ẹnikẹ́ni má yí kọ̀ǹpútà irú wọn padà láìbi wọ́n.

4. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà yìí bá ọ̀pọ̀ ilé-kéwú mu. Kọ̀ǹpútà tí àlùfáà fi ń ka ìwé nínú Al-Maktabah ash-Shāmilah, tàbí tí wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò Lárúbáwá, lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ má ṣe ki fláàṣì tó wá láti ìta bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ní ẹ̀dà àwọn iṣẹ́ yín síbòmíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún àbùjá. Àwọn kan ń fi Windows 11 tipátipá sórí kọ̀ǹpútà tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Yóò tàn, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé òun kò ṣe ìlérí àpúdéètì fún irú rẹ̀. Ẹ sá fún Windows tí wọ́n jí, àti àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣí i, nítorí inú wọn ni kòkòrò máa ń fara pamọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé Microsoft ni òun, pé kọ̀ǹpútà yín ti fẹ́ kú, gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù.

Fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀

Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Canalys ṣírò pé nǹkan bí 240 mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà lè di ohun tí wọ́n á jù nù káàkiri ayé nítorí pé wọn kò lè gba Windows 11. Kò sí bí díẹ̀ nínú irú wọn kò ṣe ní dé ọjà tiwa, owó wọn yóò sì fani mọ́ra. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ tó ń wọ yunifásítì, ẹ bèèrè ìran ọpọlọ rẹ̀ kí ẹ tó bèèrè iye rẹ̀. HP EliteBook 840 G3, Dell Latitude E7470 àti Lenovo ThinkPad T460 jẹ́ ìran kẹfà. EliteBook 840 G5, Latitude 7490 àti ThinkPad T480 sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ, ṣùgbọ́n ìran keje wà lára wọn pẹ̀lú. Ẹ má fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan ra á. Ẹ ní kí wọ́n tàn án, kí ẹ fi ojú ara yín ka ohun tó wà níwájú Processor.

Fún ẹni tí agbára kò tíì ká a

Owó kì í dọ́gba lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí yóò ṣì máa fi Windows 10 ṣe iṣẹ́ títí Ọlọ́hun yóò fi ṣe ọ̀nà àbáyọ lè dín ewu kù:

- Kó gba gbogbo àpúdéètì tó ti wà nílẹ̀ kí 22H2 lè pé, kó sì máa jẹ́ kí Chrome tàbí Firefox gba tirẹ̀.
- Kó má ṣe ìdúnàádúrà báńkì lórí rẹ̀.
- Kó jẹ́ kí Defender yẹ gbogbo fláàṣì wò kó tó ṣí i.
- Kó pa ìwé oníbàárà rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kó sì rí i pé kò sí ímeèlì ẹnikẹ́ni tó ṣí sílẹ̀.
- Kó ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohun tí kì í fi gbogbo ìgbà so mọ́ kọ̀ǹpútà náà.

Kí oníbàárà náà má dákẹ́. Kí ẹ tó fi NIN ọmọ yín tàbí páásíwọ́ọ̀dù yín sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, Windows wo ló wà lórí èyí? Ṣé ó ṣì ń gba àpúdéètì?” Kì í ṣe àrífín. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá mọ ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ yóò ní ìdáhùn, èyí tí kò bá sì tíì mọ̀ yóò lọ wádìí kí oníbàárà mìíràn tó bi í.